Lẹ́tà ṣíṣí sí alága àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ oníbàtà ọjà wa: Kí ló wà nínú àgbá gọ́ọ̀mù yẹn?

Ẹ̀yin àgbà wa, alága, igbákejì alága, akọ̀wé, akápò àti gbogbo olóyè ẹgbẹ́, mo kúnlẹ̀ kí yín.

Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí. Mi ò jẹ gbèsè owó oṣooṣù ẹgbẹ́ rí, mi ò sì kì í pa ìpàdé jẹ àfi tí àìsàn bá dá mi dúró. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bàtà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo dìde sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí gbogbo oníbàtà àti oníbáàgì, àti àwọn òbí tó fi ọmọ wọn sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, lè kà á.

Ẹ kéde ní ìparí oṣù tó kọjá pé ẹgbẹ́ ti bá oníṣòwò kan ṣe àdéhùn. Inú àgbá ńlá ni yóò máa gbé gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ bàtà wá, a ó máa bù ú sínú kẹ́gì fún ọmọ ẹgbẹ́, owó rẹ̀ á sì dín sí ti inú agolo. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, mi ò bá yìn yín, torí ọjà ti wọ́n kọjá agbára. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé ẹni tí ẹ bá ká gọ́ọ̀mù mìíràn mọ́ lọ́wọ́ yóò san owó ìtanràn. Ìbéèrè kan péré ni mo bi yín: kí ló wà nínú àgbá yẹn? Ẹnì kan dáhùn pé gọ́ọ̀mù ni, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wa ní àwọn bàbá wa lo gọ́ọ̀mù títí wọ́n fi darúgbó. Ẹnì kan tún sọ pé ẹ̀rù ló máa ń tètè ba obìnrin. Wọ́n bá gbàdúrà ìparí ìpàdé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wo àgbá náà fúnra mi. Ó ga tó àyà mi. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kun ibi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ GUM sórí ọ̀dà náà. Orúkọ ẹni tó ṣe é kò sí níbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sí, àmì iná pàápàá kò sí. Kò sí ẹni tí í dédé fi ọ̀dà pa orúkọ ohun tó dára rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń lẹ sólù jù nínú ṣọ́ọ̀bù, torí ọwọ́ rẹ̀ yá. Lọ́dún kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, a gba iṣẹ́ sáńdáàlì tó pọ̀ ju agbára wa lọ. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, a máa ń ti ilẹ̀kùn kí ó má baà fẹ́ sára awọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń sọ pé ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹsẹ̀ òun. Mo ní kó lọ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, sìlípáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ti ṣófo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, láti ìdí tábìlì títí dé ibi àpótí tó jókòó lé. Ìṣó kékeré tí a fi ń kan awọ mọ́ láàsì, igi tí a fi ń mọ bàtà, ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù síta, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Èmi ni mo figbe ta.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi í ni pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó ní kó má ṣe dé ìdí gọ́ọ̀mù mọ́. Ó tún kìlọ̀ fún wa pé ẹsẹ̀ náà á ṣì burú sí i díẹ̀ kó tó máa san, bó sì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: ọmọ náà ti kúrò nídìí gọ́ọ̀mù tán, síbẹ̀ odidi oṣù méjì gbáko ni ẹsẹ̀ náà fi ń kú lọ sókè. Ó lé lọ́dún kan kó tó lè gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni mo ní kó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀bi náà kàn mí, kò sì ní kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tó ṣe é ni wọ́n ń pè ní hexane. Láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí i, òun ni wọ́n fi ń yọ́ rọ́bà inú gọ́ọ̀mù kó lè ṣeé fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn, ohun tí a sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ni pé ó ń gbẹ wàràwàrà. Tí a bá fà á símú, ẹ̀dọ̀ wa á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, 2,5-hexanedione, èyí tó máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. Iṣan tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ kọ lù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú, kó tó gòkè, kó tó dé ọwọ́. Bí wọ́n bá tún fi tíńnà tó ní MEK nínú, ìyẹn kẹ́míkà mìíràn tí ń yọ́ nǹkan, là á, ìpalára náà á le sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ronú dáadáa: ẹni mélòó nínú wa ló ti sọ ọ́ rí pé ẹsẹ̀ òun ń kú, tí a ní jẹdíjẹdí ni, tàbí làkúrègbé?

2. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni mo gbé dé. Ní Japan, àwọn èèyàn máa ń ṣe sáńdáàlì nínú ilé, bí àwa náà ṣe ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó. Benzene, kẹ́míkà mìíràn tó ń ti inú epo rọ̀bì wá, ni wọ́n fi yọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára wọn, àwọn kan kú, ìjọba sì fòfin de gọ́ọ̀mù oníbenzene ní 1959. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù bá fi hexane rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní èyí kò ní wàhálà. Kò pé ọdún mẹ́wàá, nígbà tí àwọn dókítà yẹ àwọn oníṣẹ́ sáńdáàlì wò, wọ́n rí èèyàn 93 tí iṣan wọn ti bàjẹ́. A lé àrùn ẹ̀jẹ̀ gba iwájú jáde, àrùn iṣan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí oníṣòwò yẹn lè wá sọ fún yín lọ́la pé benzene kò sí nínú ọjà òun. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ, kó sì jẹ́ pé hexane ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà kò tíì pẹ́ rárá. Ní ìlú Suzhou, ní 2009, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ojú fóònù fún Apple pa ọtí spírìtì tí wọ́n fi ń nu ojú fóònù tì, wọ́n gba hexane, torí pé ó yára gbẹ ju ọtí lọ. Òṣìṣẹ́ 137 ló fara gbọgbẹ́. Ó yára gbẹ! Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ká pààrọ̀ gọ́ọ̀mù.

3. Benzene ńkọ́? Ní Istanbul, dókítà kan tó ń jẹ́ Muzaffer Aksoy ṣàkíyèsí pé àwọn oníbàtà ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1974: láàrin oníbàtà bíi 28,500, ó rí ènìyàn 26 tí àrùn náà mú tàbí tó ti ń wọ̀ ọ́ lára. Yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni benzene máa ń bà jẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti fi í sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bẹntiróòlù náà ní benzene nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bẹntiróòlù la gọ́ọ̀mù tó ti ki, tí ẹ tún ń fi í fọ ọwọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ẹ fi àdín tàbí òróró ra ọwọ́ yín, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ń ṣí gọ́ọ̀mù kúrò. Àdín ni mo ń lò láti bí ọdún mẹ́ta báyìí.

4. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa. Akọ̀wé wa, ẹ má bínú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ àwọn bàbá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ àti okùn ni wọ́n fi ń rán bàtà. Òlù wà lọ́wọ́ wọn, ìda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí. Gọ́ọ̀mù kì í ju èyí tí wọ́n fi ń mú awọ dúró kí wọ́n tó rán an. Lónìí, gọ́ọ̀mù nìkan ló di bàtà mú, yàrá ẹsẹ̀ mẹ́wàá níbùú lóòró la sì kó ènìyàn mẹ́fà sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ka àwọn tó kú nínú wọn? Ta ló bi wọ́n léèrè ohun tó pa ẹsẹ̀ wọn?

5. Ẹ ní ẹgbẹ́ yóò pín ìbòmú fún wa, irú èyí tí a lò nígbà Kòrónà. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n eruku nìkan ló lè dí. Ooru gọ́ọ̀mù, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóòórùn tó ń jáde lára rẹ̀, kì í ṣe eruku, á gba inú aṣọ yẹn kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìbòmú tó lè gbà á ni èyí tó ní agolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ èédú rẹ̀. Ooru hexane wúwo tó bí ìlọ́po mẹ́ta afẹ́fẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ. Ta ló wà nísàlẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó lórí àpótí kékeré ni. Ìyá tó ń ran awọ òkè bàtà, tó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tó ń sùn mọ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan ni, tí agolo gọ́ọ̀mù wà ní ṣíṣí lẹ́bàá orí wọn, tí kọ́ìlì ẹ̀fọn ń jó lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ohun tí mò ń sọ yìí ṣe lè gbiná.

6. Ẹ ó bi mí pé kí la fẹ́ wá lò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi omi pò wà, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi. Kì í ṣe ti ìwé lílẹ̀. Ti bàtà gangan ni. Ní 1997, ìwé àyẹ̀wò kan jáde síta nípa ilé iṣẹ́ kan ní Vietnam tó ń ṣe bàtà fún Nike: toluene, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù, nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, láwọn ibi kan, tó ìlọ́po 177 ohun tí òfin wọn gbà láàyè. Ariwo náà pọ̀ débi pé Phil Knight, ọ̀gá àgbà Nike nígbà náà, bọ́ síta ní 1998 láti ṣèlérí pé afẹ́fẹ́ inú àwọn ilé iṣẹ́ náà yóò yí padà, wọ́n sì túbọ̀ gba gọ́ọ̀mù olómi mú. Bàtà yẹn la ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò là.

Èmi ti dán an wò. Mo ra kékeré, mo fi ṣe bàtà méjìlá. Ó funfun bíi wàrà nígbà tí o bá kùn ún. O gbọ́dọ̀ ha sólù àti awọ dáadáa kí ara wọn le, kí o kun awọ lẹ́ẹ̀mejì, kí o dúró títí funfun yẹn á fi mọ́ gaara, kí o wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí á fi gbóná lọ́wọ́, kí o tó tẹ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí gọ́ọ̀mù olóòórùn tí a ń lò tẹ́lẹ̀ á ti gbẹ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí gbà mí tó wákàtí kan nínú òjò. Nígbà tí iná kò sí, mo dúró de jẹnẹrétọ̀. Nínú méjìlá, méjì là nítorí mi ò ha sólù wọn dáadáa. Mẹ́wàá kò là títí dòní, mo wọ ọ̀kan nínú wọn gba àkókò òjò kọjá.

Mi ò ní parọ́ fún yín, owó rẹ̀ ju ti inú àgbá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Nínú lítà kan gọ́ọ̀mù olóòórùn, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń fò lọ. Ìdá kan yòókù ló ń lẹ bàtà. Nínú ti olómi, bí ìdajì ló ń dúró. Àwa ló ń sanwó èyí tó ń fò lọ, àwa náà ló tún ń fà á símú.

Sólù PVC, ìyẹn oníke, kan wà tí gọ́ọ̀mù olómi kì í tètè dì mọ́ àfi tí a bá kọ́kọ́ fi oògùn kan pa á. Fún irú ìyẹn, ẹ jẹ́ ká béèrè gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi heptane yọ́ dípò hexane. Ara ìdílé kan náà ni wọ́n, àmọ́ heptane kì í sọ ara rẹ̀ di májèlé iṣan bíi ti ìkejì rẹ̀. Ó ṣì lè gbiná o, ó ṣì ń kọ́ni lójú, fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ó kéré tán, ọmọ tó bá tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ á mọ̀. Bàtà tí a bá sì lè rán, ẹ jẹ́ ká rán an. Àwọn oníbàárà mi kan ń san owó lé e fún rírán báyìí.

7. Ohun tí mo ń béèrè rèé, mo sì ń béèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹ fagi lé owó ìtanràn yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ọmọ ẹgbẹ́ ra ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ ní kí oníṣòwò náà mú ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe gọ́ọ̀mù kọ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ewu rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní safety data sheet. Kò sí ilé iṣẹ́ gidi tí kò ní in. Kódà bí èdè inú rẹ̀ bá le, nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí kì í yí padà níbikíbi láyé: 110-54-3 ni hexane, 71-43-2 ni benzene, 142-82-5 ni heptane. Tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ dá àgbá náà padà. Tí kò bá sì ní ìwé, ẹ dá a padà.

Ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ fi ra àgbá yẹn ra gọ́ọ̀mù olómi lọ́pọ̀, kí owó rẹ̀ lè dín kù. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń mú bàtà gbóná kan péré sí gbọ̀ngàn wa, kí a máa gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má ṣe lẹ bàtà, kí aláboyún náà má ṣe lẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sun ṣọ́ọ̀bù tí gọ́ọ̀mù wà. Ìdérí agolo kò náni ní kọ́bọ̀.

Lákòótán, ẹ pe dókítà wá sí ọjà, kó yẹ ẹsẹ̀ gbogbo àwa tó ń lẹ bàtà wò, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ bọ́ bàtà.

Màá wà ní ìpàdé tó ń bọ̀. Màá kó bàtà méjèèjìlá náà dání, èyí tó là àti èyí tí kò là, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fà á wò. Ọmọ iṣẹ́ mi náà ti ní òun á bá mi wá. Tí ẹ bá fún un láyè, á bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta kí ẹ rí ojú ibi tí ìṣó wọ̀.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú àwọn obìnrin oníbàtà ọjà wa